Ta Ni Yóò Túfọ̀ Ẹ̀rọ Tó Kú?

Olùkọ́ kan ní kọlẹ́ẹ̀jì ìlú wa ló bẹ̀ mí pé kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń múra ìdánwò bákì tí a fi ń jáde ní kọlẹ́ẹ̀jì, tí ẹ sì ń bi ara yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe. Mo gbà fún un, nítorí àgbà tó bá di ọgbọ́n mọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, òkùnkùn ni yóò bá a jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú pé iṣẹ́ tí mo ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ràn oorun. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi bá ẹ̀rọ lò ní Ṣábẹ̀ẹ́ yìí. Mo ti fẹ̀yìn tì, irùngbọ̀n mi ti funfun, síbẹ̀ bí iná bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àyà mi a já. Ọ̀sẹ̀ tí mo ń kọ èyí sì burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: Dẹlifíìnì, ìyàwó Rẹ́mì ọmọ mi, fẹ́ lọ bímọ ní ilé ìgbẹ̀bí kan tí ẹ̀rọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tò kún inú rẹ̀, níbi tí ikú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Àgbẹ̀ ni bàbá mi ní abúlé Sakin. Ó rí i pé mo máa ń tú rédíò rẹ̀ palẹ̀ ju bí mo ṣe ń kọ ebè lọ, ó sì fà mí lé Ọ̀gá Kọ́sìmù lọ́wọ́, ọkùnrin kan tó ti tọ́jú tẹlifóònù ojú irin rí, kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ létí ibùdókọ̀ réluwè. Ní ti owó tí mo gbà níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Mo jẹun, mo sì dúpẹ́.

Ọ̀gá mi kì í na ènìyàn. Ìbá sàn kí ó máa na ni. Ìwọ yóò jókòó ti àwo iyán rẹ, òun yóò rọra kọjá lẹ́yìn rẹ, yóò fa okùn kan yọ nínú ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, yóò sì padà wá dúró gbagidi. "Kí ló kú?" Ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn. Bí o kò bá mọ ohun tó kú, iyán yóò tutù. Mo jẹ iyán tútù tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀.

Mo rántí ọjọ́ tí mo tún tẹlifóònù ilé ìkó-òwú-sí ṣe. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù tìyangàn-tìyangàn.

"Ọ̀gá, ó ti ń sọ̀rọ̀."

"Ó dáa. Bí ó bá dákẹ́ lọ́la ńkọ́?"

"Wọn á pè wá, ọ̀gá."

"Kí ni wọ́n máa fi pè wá, Pọ́ọ̀lù? Tẹlifóònù tó dákẹ́ yẹn?"

Bíọ́, ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bóyá wọn á fọn fèrè, ọ̀gá."

"Ìwọ náà dìde, alápàárá. Ẹ jọ padà lọ."

A fi ẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn, òun náà sì bá wa rìn, nítorí kì í rán ènìyàn níṣẹ́ tí òun kò lè jẹ́. Lójú ọ̀nà ni ó ti sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi gbé gbogbo ayé mi. Ó ní: "Òkú kì í túfọ̀ ara rẹ̀. Ènìyàn kú, àwọn alààyè ló ń kéde. Ẹ̀rọ kú, ta ni yóò kéde? Bí o bá gbé ohunkóhun ka ibì kan, gbé ẹni tí yóò túfọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ẹni náà máa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kí o lè gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Kí o sì tún fi ẹlẹ́rìí kan sílẹ̀ tí kì í mu iná rárá."

Mo kà á sí àrọ̀yé àgbàlagbà. Ẹ ó rí i níwájú bí àrọ̀yé náà ṣe di ẹ̀mí.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi bí awọ ọ̀gà. Tẹlifóònù tí a ń fi ọwọ́ yí ni mo kọ́kọ́ mọ̀, àti rédíò tí iná inú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ojú ẹtu. Irin tí a fi ń yọ́ òjé, inú ẹ̀yinná ni a ti ń mú un gbóná. Lẹ́yìn ìyẹn ni òdínátọ̀, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, dé, ó tóbi bí àpótí aṣọ ìyàwó, ẹni tó bá ní in a fi aṣọ funfun bò ó. Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé. Mo ka ti Faransé, mo ka ti àwọn elédè mìíràn tí a túmọ̀, mo kà á títí dé ibi tí ọ̀pọ̀ ẹni tó jókòó ní yunifásítì kò dé. N kò fi ìrẹ̀lẹ̀ asán bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ọ̀gá Kọ́sìmù ti papòdà nígbà náà. Lẹ́yìn òdínátọ̀ ni àńténà gun orí òkè olókùúta tó yí ìlú wa ká, níbi tí àwọn baba wa máa ń sá pamọ́ sí nígbà ogun, tẹlifóònù sì di ohun àpò.

Ìyípadà tó kẹ́yìn ni ó dẹ́rù bà mí jù. Tẹ́lẹ̀, o mọ ibi tí ẹ̀rọ wà: ó jókòó lórí tábìlì, o lè nàka sí i, o lè pa á kí o lọ jẹun. Lónìí ó ti wọ ara ohun gbogbo. Ó wà nínú àgbá omi ìlú tí ń sọ bí omi ṣe kù sí. Ó wà lórí òpó tí ń tan iná ojú pópó. Ó wà nínú ilé ìkó-kajú-sí, ó ń fimú finlẹ̀ bóyá ọ̀rinrin ti ń dé. Wọ́n kéré, wọn kò pariwo, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ láìsí okùn, ẹnikẹ́ni kò sì rántí pé wọ́n wà. Ohun tí a bá ti gbàgbé pé ó wà, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé kò sí mọ́? Ìbéèrè yìí ni mo máa ń bá jí.

Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Màmá Agbẹ̀bí ránṣẹ́ pè mí. Gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ ló mọ̀ ọ́n: obìnrin gíga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló gba ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò wa. Ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Ohun tó ń dààmú rẹ̀ ni iná ìjọba tí ń lọ tí ń bọ̀, àti abẹ́rẹ́ kan tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ. Abẹ́rẹ́ náà kò fẹ́ ooru. Bí ooru bá sì bà á jẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí, òórùn rẹ̀ kò ní yí. Lójú, oògùn ni. Nínú ara, omi lásán.

Mo bá a gbé iná oòrùn sórí òrùlé. Mo fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú fírígò tí yóò máa ka òtútù, mo fi òmíràn sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí yóò máa yàn láàárín iná oòrùn àti iná ìjọba. Gbogbo wọn ń fi wífì jábọ̀ fún àpótí kan lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, àpótí náà sì ń fi lẹ́tà aláwọ̀ ewé sọ fún un pé àlàáfíà ni. Láràárọ̀, àpótí yìí a rán ọ̀rọ̀ kan sí tẹlifóònù mi: *Mo wà.* Ní ti ẹlẹ́rìí tí kì í mu iná, mo rọ omi sínú ìgò kékeré kan, mo jẹ́ kí ó di yìnyín ní apá òkè fírígò, mo sì fi òkúta kékeré kan lé orí yìnyín náà. Bí fírígò bá kú tí yìnyín sì yọ́, òkúta yóò rì. Bí ó bá tún jí padà tí omi sì dì, ìsàlẹ̀ ni a ó bá òkúta.

Àwọn nọ́ọ̀sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ké sí èkejì pé, "Ẹ wá wò ó o, Bàbá Rẹ́mì ti gbé ẹbọ sínú fírígò wa!"

Kóòdù tí mo fi ti àpótí náà gùn, lẹ́tà àti nọ́ńbà ló wọnú ara wọn. Màmá Agbẹ̀bí wò ó, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ kan. "Bàbá Rẹ́mì, ṣé èyí ni kí n máa rántí nígbà tí obìnrin bá ń rọbí lọ́wọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, ó pààrọ̀ rẹ̀ láìsọ fún mi.

Ọyẹ́ ń jà ní àkókò tí Dẹlifíìnì fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀. Rẹ́mì ọmọ mi gbé e lọ sílé ìgbẹ̀bí ní ìrọ̀lẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo mú tẹlifóònù, *Mo wà* tí àpótí máa ń rán kò sí níbẹ̀. Mo dúró. Mo wẹ̀. Mo tún wò ó.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ jókòó jẹ ẹ̀kọ yín. Àńténà ló tún ṣe bó ṣe máa ń ṣe."

"Ó lè jẹ́ àńténà."

"Kí ló dé tí ẹ wá ń wọ bàtà?"

"Nítorí ó lè má jẹ́ àńténà."

Nígbà tí mo débẹ̀, ohun gbogbo dára lójú. Lẹ́tà aláwọ̀ ewé ń tàn lára àpótí. Mo ṣí fírígò, òtútù fẹ́ sí mi lójú. Màmá Agbẹ̀bí yọ orí láti yàrá ìbímọ, ó ní, "Ẹ ti wá kí ọmọ tí kò tíì dé!" Mo fẹ́ tijú. Ṣùgbọ́n mo wo nọ́ńbà tí àpótí gbé dání, mo sì dúró wò ó pẹ́. Òtútù inú fírígò kì í dúró sójú kan. Bí ènìyàn bá ṣí ilẹ̀kùn, ó yẹ kí ó yí díẹ̀. Mo ṣí i, mo tì í, mo tún ṣí i. Nọ́ńbà náà kò mira. Ó dúró bí ojú òkú tí a kò tíì pa dé.

Mo na ọwọ́ sókè, mo mú ìgò. Òkúta wà nísàlẹ̀ ìgò, yìnyín dì lé e lórí.

Ní ìṣẹ́jú náà gan-an ni mo gbọ́ igbe ọmọ. Inú mi kò tíì dùn tán tí nọ́ọ̀sì fi sáré jáde tọ fírígò wá, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Mo fi ara mi dí ilẹ̀kùn fírígò.

"Má mú un."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀!"

"Oògùn yẹn ti kú."

Màmá Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ jáde, ọwọ́ rẹ̀ pupa dé ìgbọ̀nwọ́. "Bàbá Rẹ́mì, kí lẹ ń ṣe sí mi? Ìyàwó ọmọ yín ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn! Oògùn náà tutù, ẹ fọwọ́ kàn án!"

"Ó tutù báyìí. Ó ti gbóná mọ́jú." Mo gbé ìgò náà sókè.

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ìgbẹ́kẹ̀lé ẹ̀rọ, kò sí èyí tó sọ fún mi bí ojú ènìyàn ṣe máa ń rí nígbà tó bá fẹ́ yàn láàárín àpótí tí ń tàn yanran àti òkúta inú ìgò. Ó wo àpótí. Ó wo òkúta. Ó wò mí. Mo ń gbọ́ ohùn Dẹlifíìnì nínú yàrá, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀, ohùn náà sì ń lọ sílẹ̀.

"Rẹ́mì!" Màmá Agbẹ̀bí ké. "Gun alùpùpù sẹ́míjàn tó wà ní géètì yẹn, lọ sí ọsibítù ìjọba. Sọ fún wọn pé èmi ni, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ sínú yìnyín fún ọ. Má kí ẹnikẹ́ni lọ́nà!" Oògùn oníhóró tí kì í bẹ̀rù ooru ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ó padà wọlé, ó gbé ọmọ sí ọmú ìyá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì tẹ ikùn obìnrin náà, ó ń pò ó bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, kò sinmi. Nípasẹ̀ ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀ ni mo fi rí èjìká rẹ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀. Mo ti dúró de ọ̀pọ̀ nǹkan láyé, òjò, ìdánwò, òkú ọ̀gá mi tí a ń gbé bọ̀ láti Kútọnu. N kò dúró de ohunkóhun bí mo ṣe dúró de ariwo alùpùpù yẹn. Bí ó bá ṣe pé èmi ni mo ṣìnà ńkọ́? Bí oògùn inú fírígò bá ṣì dára, tí mo sì fi òkúta lásán dí ọ̀nà rẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè náà jẹ mí lára títí Rẹ́mì fi dé, eruku ti sọ ọ́ di arúgbó bíi tèmi. Wọ́n gún Dẹlifíìnì ní abẹ́rẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Màmá Agbẹ̀bí jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ti dúró."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sàláwù, tí ń ra kajú kiri agbègbè Ofè, ti ń dúró de ìyàwó tirẹ̀ lábẹ́ igi ilé ìgbẹ̀bí láti ọjọ́ méjì. Ó ń yangàn fún àwọn ọkọ yòókù pé òun ti rí wífì ọ̀fẹ́. Mo jókòó tì í.

"Ta ló fún ọ ní kóòdù?"

"Hà, Bàbá, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Mo kọ́kọ́ dán orúkọ ilé ìgbẹ̀bí wò, kò ṣí. Mo wá gbọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń kí Màmá ní géètì: 'Àjíkẹ́ o! Àjíkẹ́, ẹ kú ewu ọmọ!' Mo ní jẹ́ kí n dán Àjíkẹ́ wò. Ó ní kí n máa wọlé bọ̀."

"Kí lo wá ṣe nígbà tí o wọlé?"

"Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ sí fòfó mi, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Pàràkú, kò lọ. Mo rí àwọn nǹkan kan nínú àpótí tí wọ́n ń jẹ kọnẹ́ksíọ̀n wa. Mo ní kí wọ́n sinmi díẹ̀."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, Bàbá. N kò ṣe ojúsàájú."

Èyí tó ń yan iná dákẹ́, bátìrì oòrùn sì tán lálẹ́ láìsí ohun tó yí fírígò sórí iná ìjọba. Èyí tó ń ka òtútù dákẹ́, àpótí sì ń tún nọ́ńbà tó gbọ́ kẹ́yìn pè. Oòrùn là, fírígò jí, òtútù padà. Kò sí ẹni tó túfọ̀, nítorí oníṣẹ́ tí ń ránṣẹ́ sí mi náà wà lára àwọn tí Sàláwù ní kí wọ́n sinmi.

N kò rí ìkà nínú ọ̀ràn yìí. Àwọn ìwé tí mo kà kìlọ̀ pé kí a má fi orúkọ ọmọ ṣe kóòdù, kí a má fi ọjọ́ ìbí ṣe é. Ẹni tó kọ wọ́n kò mọ Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí kíkí láìsí oríkì ti dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Oríkì ni Màmá Agbẹ̀bí rò pé ó jẹ́ ti òun jù láyé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni a ń ké sí i ní gbangba láti kùtùkùtù, ẹni tí kò bá sì ké e ni a ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Màmá ní kí n tú gbogbo rẹ̀ kúrò. "Ẹ kó àwọn ọlọ́fòófó yín lọ, Bàbá Rẹ́mì. Èmi yóò máa fi ọwọ́ kan fírígò mi." Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì bá a jiyàn, nítorí ọwọ́ tí a fi kan fírígò ní òwúrọ̀ yẹn gan-an ni ìbá ti pa Dẹlifíìnì. Ó ronú fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó gbà. Mo tún un tò. Mo la ọ̀nà wífì àlejò sọ́tọ̀, kò sí ibi tó ti kan ti ẹ̀rọ. Èyí tó ń yan iná kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí nọ́ńbà kò bá sì tuntun, ojú àpótí a ṣókùnkùn, kí ó má baà máa fi ọ̀rọ̀ àná tan àwọn alààyè. Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ó dára tó? Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú kan ibi tí ẹlòmíràn yóò gbà wọlé, ibi tí n kò mọ̀, èyí tí ìwé kankan kò kọ.

Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, Dẹlifíìnì wá bá mi lábẹ́ àtíbàbà, ikùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀.

"Papá, ẹ má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ṣé kí n padà síbẹ̀, àbí kí n lọ sí ọsibítù ìjọba?"

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ni ó ń béèrè lọ́wọ́ mi yẹn. Mo ṣàlàyé ohun tí mo tún ṣe fún un. Mo sọ ohun tó ṣì lè bàjẹ́. Mo ní n kò lè búra.

Ó ní, "Nígbà tí mo ń kú lọ, mo gbọ́ ohùn yín àti ti Màmá níta. Ẹ̀yin méjèèjì kò gba ẹ̀rọ yẹn gbọ́. Ibi tí wọn kò ti gba ẹ̀rọ gbọ́ jù ni mo fẹ́ bímọ sí."

Ó gun alùpùpù lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ ní àárọ̀ yìí, àpò aṣọ ọmọ wà lórí itan rẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró sílé, pé àgbà kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúró. Mo kọ̀wé dé ìhín. Olùkọ́ yín ní kí n fi ìmọ̀ràn parí rẹ̀, bóyá kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Yóò di ìgbà mìíràn kí n tó lè dáhùn. Ìyàwó mi ti jókòó ti ẹnu ọ̀nà kí n má baà jáde, ṣùgbọ́n ó ti ń wo ojú pópó ju bí ó ṣe ń wò mí lọ, mo sì ti di okùn bàtà mi láti lọ bá wọn.